Ta Ló Ń Dá Ọjọ́ Ìdìbò Káńsù Wa? Ìtàn láti London dé Òkìtìpupa

 

Lóṣù yìí, èmi tí ẹ ní kí n máa ṣe kòkáárí àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ wa fẹ́ bi yín ní ìbéèrè méjì kí n tó wọ inú ìtàn. Àkọ́kọ́: ta ni káńsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù yín? Ìkejì: ọjọ́ wo la máa tún dìbò yan òmíràn?

Tó bá jẹ́ ọmọ wa tó ń gbé ní Peckham, lábẹ́ káńsù Southwark ní London, ni mo bi, ó lè má mọ orúkọ káńsẹ́lọ̀ ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọjọ́ ìdìbò? Kò ṣòro rárá. Òfin ti kọ ọ́ sílẹ̀: ọdún mẹ́rin mẹ́rin, Ọjọ́bọ̀ àkọ́kọ́ nínú oṣù Karùn-ún. Tó bá jẹ́ èèyàn wa ní Igbótako tàbí Ìlú-Títun ni mo bi, ìdáhùn tó máa ń jáde ni pé, "Ìgbà tó bá wu gómìnà ni."

Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Ìdáhùn yẹn ni gbogbo ìtàn tí mo fẹ́ sọ. Káńsù tá a ní lónìí, ọwọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì la ti gbà á. A gba orúkọ ẹ̀, a gba ilé ẹ̀, a gba ìwé owó orí ẹ̀. Ọjọ́ ìdìbò ẹ̀ nìkan la ò gbà. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ọjà tí kò lọ́jọ́, kò sẹ́ni tó lè palẹ̀ ẹrù mọ́ dè é.

Kí káńsù tó dé

Ká tó gbọ́ orúkọ káńsù rí, ìlú wa ní ètò. Abodi wà ní Ìkòyà, Jẹgun wà ní Idepe, Lumurẹ ní Ayeka, Halu ní Aye, Orungbẹruwa ní Ode-Erinjẹ, Rẹbuja ní Ọ̀ṣọ́ọ̀rọ̀. (Ẹ má bínú, mi ò to orúkọ wọn bí ipò ṣe tò o. Bí ó ṣe wá sí mi lẹ́nu ni.) Ọba kì í dá ìlú ṣe. Ìjòyè wà, olórí ẹbí wà, àwọn ẹgbẹ́ ọjọ́ orí wà. Ọba tó bá ṣe kọjá àyè ẹ̀, ìlú mọ bí wọ́n ṣe ń bá a wí.

Nígbà tí ìjọba Lugard so àríwá àti gúúsù pọ̀ ní 1914, ó mú ètò tí wọ́n ti ń lò lókè Ọya wá sọ́dọ̀ wa. Ọba ni wọ́n sọ di aláṣẹ ìbílẹ̀, ajẹ́lẹ̀ Òyìnbó sì dúró lẹ́yìn ẹ̀. Ó dà bí ẹni pé wọ́n bọ̀wọ̀ fún ọba, àbí? Ẹ wò ó dáadáa. Láti ọjọ́ yẹn, ọba ò jíyìn fún ìlú mọ́, ajẹ́lẹ̀ ló ń jíyìn fún. Owó orí dé, ọba ni wọ́n ní kó bá wọn gbà á, kò sì sí ará ìlú kankan tí wọ́n bi léèrè iye tó yẹ.

Ohun tó tẹ̀lé e, gbogbo ilẹ̀ Yorùbá ló mọ̀ ọ́n. Ní 1918, àwọn Ẹ̀gbá gbé ìbọn, ogun yẹn là ń pè ní ogun Àdùbí. Láti 1947, àwọn obìnrin Abẹ́òkúta dìde lẹ́yìn Funmilayo Ransome-Kuti, wọ́n ní àwọn ò san owó orí mọ́ nígbà tí kò sí obìnrin kan nínú ìgbìmọ̀ tó ń ná an. Ní oṣù Kìíní 1949, Aláké Ademola fi ìlú sílẹ̀, wọ́n sì fi àwọn obìnrin sínú ìgbìmọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ di ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin yẹn mú. Wọn ò sọ pé kí ìjọba má sí. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ẹni tó ń sanwó gbọ́dọ̀ lóhùn nínú bí wọ́n ṣe ń ná an.

Ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣe nílé ara wọn

Ohun tó dùn mí nínú ìtàn yìí ni pé ọ̀rọ̀ táwọn obìnrin Abẹ́òkúta ń sọ, àwọn ará England ti sọ ọ́ fún ìjọba tiwọn ní ọgọ́rùn-ún ọdún ṣáájú. Ní ayé àtijọ́, ọ̀pọ̀ káńsù ìlú ní England, àwọn olówó díẹ̀ ló ń yan ara wọn síbẹ̀. Bí ẹnì kan bá kú, àwọn tó kù á mú ọ̀rẹ́ wọn. Ìyà jẹ ará ìlú títí wọ́n fi ṣòfin ní 1835 pé àwọn tó ń san owó káńsù ni kó máa dìbò yan káńsẹ́lọ̀. Ibi tó wù mí nínú òfin náà rèé: wọ́n kọ ọjọ́ síbẹ̀. Lọ́dọọdún, ní ọjọ́ 1 oṣù Kọkànlá, ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn káńsẹ́lọ̀ á kúrò lórí àga, ará ìlú á sì dìbò.

Kò yọrí lẹ́ẹ̀kan náà o. Títí di 1869, obìnrin kankan ò lè dìbò síbẹ̀. Nígbà tí wọ́n tiẹ̀ gbà fún wọn, àwọn tí kò lọ́kọ tí wọ́n sì ń sanwó nìkan ni. Ní 1899, wọ́n pín àárín London sí borough 28, kí oníkálukú ní káńsù tiẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni Battersea, ibẹ̀ ni John Archer, aláwọ̀ dúdú tí bàbá ẹ̀ wá láti Barbados, ti di mayor ní 1913. Ẹ fojú inú wò ó: ní 1913 yẹn, kò tíì sí ará Ìkálẹ̀ kan tó dìbò rí, ọmọ aláwọ̀ dúdú ti ń ṣolórí káńsù ní London. Ìgbà tó di 1945 ni òfin tó gbà pé gbogbo àgbàlagbà lè dìbò káńsù, yálà ó ń sanwó ni o, yálà kò san.

Ṣé ẹ rí i? Kì í ṣe pé Òyìnbó mọ ìjọba ará ìlú láti inú ìyá wọn. Wọ́n jà fún un ni.

Bí ó ṣe dé ọ̀dọ̀ wa

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rí i pé ètò Lugard ò lè dúró mọ́. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kejì 1947, Arthur Creech Jones, mínísítà tó ń bójú tó àwọn ilẹ̀ tí wọ́n ń ṣàkóso, kọ lẹ́tà sí àwọn gómìnà wọn ní Áfíríkà. Ó ní kí wọ́n fi ìjọba ìbílẹ̀ tí ará ìlú yàn rọ́pò ètò àtijọ́. Lọ́dún kan náà, Obafemi Awolowo, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ẹ̀kọ́ amòfin ní London, gbé ìwé Path to Nigerian Freedom jáde. Nínú ẹ̀, ó bu ẹnu àtẹ́ lu bí wọ́n ṣe ń fi aláṣẹ ìbílẹ̀ ṣèjọba láìsí ọwọ́ àwọn tó kàwé àti ará ìlú níbẹ̀.

Èkó ló kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Ní 1950, àgbàlagbà ọkùnrin àtobìnrin dìbò fún káńsù ìlú Èkó, Ibiyinka Olorun-Nimbe sì di mayor. Nígbà tó di 1952, Ẹkùn Ìwọ̀ Oòrùn ṣe òfin ìjọba ìbílẹ̀ tiẹ̀, Awolowo ni mínísítà tó wà nídìí ẹ̀. Wọ́n wo ti England ṣe é: káńsù ńlá fún ẹkùn, káńsù àárín fún àgbègbè, káńsù kékeré fún ìlú. Àwọn tí ará ìlú yàn ló pọ̀ jù nínú ẹ̀, wọ́n sì fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn ọba àti ìjòyè. Lábẹ́ òfin yìí ni ẹkùn Òkìtìpupa, tí Ìkálẹ̀, Ìlàjẹ, Àpọ́ì àti Àrógbò jọ wà nínú ẹ̀ nígbà yẹn, fi bọ́ sínú ètò káńsù.

Tẹ́ ẹ bá ní bàbá àgbà tàbí ìyá àgbà tó ṣì wà láyé, ẹ bi wọ́n léèrè nípa káńsù àsìkò yẹn. Ilé ìwé, ọ̀nà, ilé ìgbẹ̀bí, ọjà: orúkọ káńsù ni wọ́n máa dá lé e. Káńsẹ́lọ̀ jẹ́ ẹni tí wọ́n lè kanlẹ̀kùn ẹ̀ láàárọ̀.

Ibi tí okùn ti já

Àṣìṣe kan wà nínú òfin 1952 yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀: ó fún ìjọba ẹkùn lágbára láti tú káńsù ká. Nígbà tí òṣèlú gbóná, ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í lo agbára yẹn. Káńsù tí kò bá gbọ́ràn, wọ́n á tú u ká, wọ́n á fi ìgbìmọ̀ tiwọn síbẹ̀. Nígbà tí ológun dé ní 1966, wọ́n gbá èyí tó kù lọ.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín ọdún méjì sí mẹ́ta. Owó orí ò dúró, àwọn agbowó káńsù ò dúró, ṣùgbọ́n káńsẹ́lọ̀ tí àgbẹ̀ lè lọ bá ti lọ. Owó kòkó kéré, ọ̀nà oko bàjẹ́. Ní 1968 sí 1969, àwọn àgbẹ̀ dìde, wọ́n ní ìyà tó. Ìyẹn ni Àgbẹ́kọ̀yà, Tafa Adeoye wà lára àwọn aṣíwájú wọn. Ẹ̀jẹ̀ ta sílẹ̀ kí ìjọba tó dín owó orí kù. Àwọn kan máa ń sọ pé ọ̀rọ̀ owó lásán ni. Èmi ò rí i bẹ́ẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ yẹn béèrè pé kí wọ́n kó àwọn òṣìṣẹ́ káńsù tó ń fìyà jẹ wọ́n kúrò ní abúlé. Tí ìdìbò bá wà ni, ìwé ìdìbò ni wọn ì bá fi lé wọn.

Ní 1976, ọdún tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀, ìjọba ológun tún ìjọba ìbílẹ̀ tò kárí Nàìjíríà, wọ́n sì dìbò ní ìparí ọdún náà láìlo ẹgbẹ́ òṣèlú. Òfin orílẹ̀-èdè 1979 wá kọ ọ́ ní abala keje pé ìjọba ìbílẹ̀ tí ará ìlú yàn gbọ́dọ̀ wà. Ọ̀rọ̀ náà ṣe kedere. Ṣùgbọ́n láti 1979 títí ológun fi padà ní ìparí 1983, kò sí ìdìbò káńsù kankan. Gbogbo ẹgbẹ́ òṣèlú tó ń ṣèjọba ìpínlẹ̀ ló ń yan èèyàn tiwọn síbẹ̀. Kò sí ẹgbẹ́ tó lè nà ìka sí ìkejì.

Ohun tó le jù wá rèé: àwọn ológun tí wọn ò dìbò yàn ló tún dá ìdìbò káńsù padà. Wọ́n ṣe é ní 1987. Wọ́n ṣe é ní oṣù Kejìlá 1990, tí àwọn èèyàn tò sẹ́yìn àmì ẹgbẹ́ wọn nínú oòrùn. Abacha tú ìyẹn ká ní 1993, ó tún ṣe òmíràn ní 1996 àti 1997. Abdulsalami ṣe tiẹ̀ ní ọjọ́ 5 oṣù Kejìlá 1998. Bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọ ni wọ́n ń wó o.

Tiwa láti 1999

Òfin orílẹ̀-èdè 1999 tún ọ̀rọ̀ abala keje kọ. Ẹ jẹ́ ká wá wo ìpínlẹ̀ wa. Láti ìgbà tí Gómìnà Mimiko gba ìjọba ní oṣù Kejì 2009, ọjọ́ 23 oṣù Kẹrin 2016 la tó dìbò káńsù lábẹ́ ẹ̀. Gómìnà Akeredolu dé ní oṣù Kejì 2017, a dìbò ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹjọ 2020. Sáà àwọn yẹn parí ní 2023, ọjọ́ 18 oṣù Kìíní 2025 la tún tó dìbò, lábẹ́ Gómìnà Aiyedatiwa. Gbogbo àlàfo àárín yẹn, alága fìdíhẹẹ́ ló ń jókòó sórí àga. Ẹgbẹ́ òṣèlú yàtọ̀ síra, gómìnà yàtọ̀ síra, àlàfo ò yàtọ̀. Ìdí nìyí tí mi ò fi dárúkọ wọn láti bú ẹnikẹ́ni. Ètò ló ní àbùkù.

Ní Southwark ńkọ́? Ìgbà tí wọ́n tún London pín sí borough 32 ni wọ́n pa Southwark àtijọ́, Bermondsey àti Camberwell pọ̀. Wọ́n kọ́kọ́ dìbò ní 1964. Ẹ bá mi kà á: 1964, 1968, 1971, 1974, 1978, 1982, 1986, 1990, 1994, 1998, 2002, 2006, 2010, 2014, 2018, 2022. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rìndínlógún. Mi ò sọ pé wọn kì í sún ọjọ́ o. Ó yẹ kí wọ́n dìbò ní 1967, wọ́n sún un sí 1968. Lọ́dún kòrónà, ìdìbò káńsù tó yẹ kó wáyé ní England ní 2020 di 2021. Ṣùgbọ́n nígbà méjèèjì, òfin ni wọ́n fi sún un, òfin yẹn náà ló sì sọ ọjọ́ tuntun.

Òmíràn wà tó yà mí lẹ́nu. Ní 2022, ẹgbẹ́ Conservative ló ń ṣèjọba gbogbo Britain. Ní Southwark, Labour mú àga 52, Liberal Democrat mú 11. Conservative ò mú ẹyọ kan. Ìjọba àpapọ̀ ò sì lè ṣe nǹkan kan sí i. Lọ́dọ̀ wa ní 2025, ẹgbẹ́ tó ń ṣèjọba ìpínlẹ̀ ló mú gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ 18 tó wà ní Oǹdó. Kò sì yani lẹ́nu, nítorí bí ó ṣe máa ń rí ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ nìyẹn, ẹgbẹ́ yòówù kó wà lórí oyè. Gómìnà ló ń yan àwọn tó ń ṣètò ìdìbò náà, ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ á kàn fọwọ́ sí i ni.

Àwọn èèyàn tiwa ò sì kẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Tayo Situ jẹ́ mayor Southwark ní 2010. Ọmọ Yorùbá tó bá kúrò nílé tó dé ibẹ̀ ń dìbò, ó ń díje, ó ń wọlé. Ọmọ Nàìjíríà tó ń gbé níbẹ̀ lọ́nà tó bófin mu lè dìbò káńsù láìjẹ́ pé ó gba ìwé ọmọ onílùú wọn, torí pé orílẹ̀-èdè wa wà nínú Commonwealth. Nítorí náà, kì í ṣe pé a ò mọ̀ ọ́n ṣe.

"Káńsù tí kò lówó, kí la fẹ́ fi ṣe?"

Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn máa sọ báyìí. Àwọn àgbà wa kan sọ ọ́ létí mi pé àkókò ni mò ń fi ṣòfò, pé Àkúrẹ́ ni owó wà. Òótọ́ wà nínú ẹ̀. Òfin ní kí owó ìjọba ìbílẹ̀ gba inú àpò àjùmọ̀ní kan tó wà lọ́wọ́ ìpínlẹ̀ kọjá, inú àpò yẹn ló sì ti ń rá.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tí òfin orílẹ̀-èdè wa fi sọ́wọ́ káńsù: ọjà, gáréèjì, ilé ìpẹran, itẹ́ òkú, ọ̀nà àdúgbò, gọ́tà, pàǹtírí, iná ojú pópó, ìforúkọsílẹ̀ ìbí, ikú àti ìgbéyàwó, títí kan ìwé àṣẹ kẹ̀kẹ́ àti ọkọ̀ ojú omi. Ó tún ní kí wọ́n bá ìpínlẹ̀ lọ́wọ́ sí ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ìlera. Nínú àwọn nǹkan wọ̀nyí, èwo ni kò kàn yín láàárọ̀ òní? Ìyá tó ń ta pupuru lọ́jà, ọ̀rọ̀ káńsù ni tiẹ̀. Ọmọ tí kò rí ìwé ìbí gbà, ọ̀rọ̀ káńsù ni.

Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje 2024, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ dájọ́ pé gómìnà ò gbọ́dọ̀ di owó ìjọba ìbílẹ̀ mú mọ́, pé kí owó máa lọ tààrà sọ́dọ̀ káńsù, àti pé alága fìdíhẹẹ́ ò bófin mu. Adájọ́ Emmanuel Agim ló ka ìdájọ́ náà. Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn: káńsù tí ará ìlú yàn ni ìdájọ́ yẹn ń gbèjà. Níbi tí kò bá ti sí ìdìbò, kò sí ẹni tí owó yẹn máa bá nílé.

Ohun tá a lè ṣe

Ìdájọ́ kan kì í yí ìlú padà. Àwọn ará England ní òfin 1835, síbẹ̀ ó gbà wọ́n ní àádọ́fà ọdún kí gbogbo àgbàlagbà tó lè dìbò káńsù. Tiwa ò gbọ́dọ̀ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Nǹkan mẹ́ta ni mo ń bẹ̀ yín fún.

Ìkíní, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ ti pé ọdún 18, ẹ gba káàdì ìdìbò yín. Orúkọ tó wà lọ́wọ́ INEC ni wọ́n ń lò fún ìdìbò káńsù náà. Ẹ má dúró de ọdún ààrẹ.

Ìkejì, kí akọ̀wé ọ̀dọ́ ní ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan kọ orúkọ káńsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù ẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, kó kọ ọjọ́ tí sáà ẹ̀ máa parí. A máa tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ìròyìn yìí lóṣooṣù, láìbu ẹnikẹ́ni, láìṣègbè fún ẹgbẹ́ òṣèlú kankan. Nígbà tó bá ku oṣù mẹ́fà, a máa kọ lẹ́tà sí àjọ elétò ìdìbò ìpínlẹ̀ láti béèrè ọjọ́.

Ìkẹta, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa lókè òkun, ẹ kú akitiyan owó tẹ́ ẹ ń fi ránṣẹ́ fún kànga àti ilé ìwé. A ò lè dúpẹ́ tán. Ṣùgbọ́n ẹ bá wa fi ohùn yín kún un. Tẹ́ ẹ bá pe ilé, ẹ má kàn béèrè ìlera nìkan, ẹ béèrè pé, "Ìgbà wo lẹ máa dìbò káńsù?" Ẹni tí wọ́n bá bi léèrè lẹ́ẹ̀mẹ́ta á lọ wádìí ẹ̀.

Káńsù ni ìjọba tó sún mọ́ ẹnu ọ̀nà wa jù. Ẹ jẹ́ ká mọ ọjọ́ ẹ̀ bí a ṣe mọ ọjọ́ ọjà.

Ìkálẹ̀ á gbòòrò o. Ire o.